Pákó Méjì Tí Mo Fi Bíró Pupa Gé

Ẹ má pàtẹ́wọ́. Mo ní kí ẹ má pàtẹ́wọ́! Ẹ jókòó, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tísà, ẹ̀yin ọmọ iléèwé tí ẹ tò sínú oòrùn lẹ́yìn yẹn. Ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi ti yìn mí títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ. Ó ní èmi ni mo mú ìṣirò rọrùn fún àwọn ọmọ yín, ó ní èmi ni mo dá ọgbọ́n yíya àpótí sílẹ̀, tí ọmọ tó bá rí ìṣirò onítàn kò fi ní máa sunkún mọ́. Ó wá ní kí n bọ́ síwájú kí n fa aṣọ kúrò lára pátákó tí ẹ kọ orúkọ mi sí, èyí tí ẹ kàn mọ́ ara ògiri kíláàsì tuntun yẹn. Mi ò ní fà á. Inú ń bí mi, ẹ foríjì mí bí ohùn mi bá le, torí kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń bínú sí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti lọ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Òtítọ́ tèmi kò tètè jí ni, ṣùgbọ́n ó ti dé báyìí, mi ò sì lè sá fún un mọ́. Dókítà ti wo ọkàn mi, ó ti mi orí. Kí n tó kú, mo fẹ́ kí ojú tì mí níbi tí ẹ ti fẹ́ yẹ́ mi sí.

Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí rántí orúkọ tí àwọn ọmọ máa ń pè mí lẹ́yìn: Bàbá Bíró Pupa. Bíró náà kì í kúrò nínú àpò àyà mi. Bí mo bá ti yọ ọ́, kíláàsì á pa lọ́lọ́. Kíláàsì tó gbẹ̀yìn ni mò ń kọ́, àwọn ọmọ tó fẹ́ jáde. Ọ̀gá àgbà ìgbà náà ti ń palẹ̀ mọ́ láti fẹ̀yìn tì, àga rẹ̀ sì ni ojú mi wà. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo fẹ́ràn àga yẹn ju ọmọ kankan tó jókòó níwájú mi lọ. Báwo ni mo ṣe ń kọ́ wọn ní ìṣirò onítàn, èyí tó máa ń sọ pé ẹnì kan ní báyìí, ó fún ẹlòmíràn ní báyìí, mélòó ló kù? Mo ní kí wọ́n má da ara wọn láàmú lórí ìtàn, kí wọ́n ṣáà wá ọ̀rọ̀ kan mú. Màá ní, "Bí ẹ bá rí 'jọ', kí lẹ máa ṣe?" Wọ́n á ké pé, "A máa rò ó pọ̀!" "Bí ẹ bá rí 'jù'?" "A máa yọ ọ́!" Ó dùn létí. Olùbẹ̀wò tó bá gba ojú fèrèsé kọjá á mi orí, á ní tísà yìí mọṣẹ́. Iṣẹ́ wo? Mò ń kọ́ ọmọ ènìyàn bí ẹni ń kọ́ ayékòótọ́.

Nínú kíláàsì yẹn ni ọmọ káfíńtà wà. Ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ wà lódìkejì títì, ó dojú kọ géètì wa. Ọmọbìnrin ni, ọmọ ọdún mọ́kànlá, kò ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, eruku pákó kì í sì í kúrò lára yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ torí pé ṣọ́ọ̀bù ló ti ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Bàbá rẹ̀ ní bó ṣe máa ń ṣiṣẹ́. Bó bá fẹ́ gé pákó méjì tí ọ̀kan gùn ju èkejì lọ, kì í kọ́kọ́ fa téèpù. Á gé ọ̀kan, á gbé e lé èkejì lórí, á fi pẹ́ńsù fa ìlà síbi tó yọ jáde. Ó máa ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Èyí tó yọ ni kí o wò. Èyí tó dọ́gba kò níjà." Ohun tí ọmọ náà gbé wá sínú kíláàsì mi nìyẹn. Bí mo bá sọ pé ti ẹ̀gbọ́n ju ti àbúrò lọ, àwọn yòókù á máa wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa mú, òun á ya pákó méjì sínú ìwé rẹ̀, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú, á tò wọ́n léra, á kọ iye sí ibi tó yọ.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo gbé ìwé náà sókè fún gbogbo kíláàsì. Mo ní, "Kí lèyí?" Ó ní, "Pákó ni, sà." Mo ní, "Pákó! Ṣé mo ní kí o wá bá mi kan àga ni?" Ẹ̀rín pa wọ́n. Mo tún ní, "Ó yá, Onípákó, ṣé o kó ìṣó wá?" Orúkọ mọ́ ọn lára láti ọjọ́ náà, èmi tísà rẹ̀ ni mo sì sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ gbọ́ èyí tó burú níbẹ̀: ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà. Ó ń tọ̀nà lójoojúmọ́. Mo sì ń fi bíró pupa fa ìlà gba àárín àwọn pákó rẹ̀ kọjá, mo ń kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé, "Má ya nǹkan mọ́." Á lọ sílé, á tún yà á wá lọ́jọ́ kejì, á kàn yà á kéré sí i kí ojú mi má baà tètè rí i. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ń fi ọgbọ́n pamọ́ fún tísà rẹ̀ bí ẹni jí nǹkan, háà! Ẹ ò rí ayé mi?

Ìgbà tó yá, lẹ́tà dé. Iléèwé gíga kan, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ọmọ tó mọ ìṣirò jọ, tí wọ́n ń gbé níbẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn dópin, ya àyè kan ṣoṣo sọ́tọ̀ fún iléèwé wa. Ẹni kan péré. Kí n ṣe ìdánwò fún kíláàsì mi, kí n máàkì í, kí ọ̀gá àgbà fọwọ́ sí i, kí olùbẹ̀wò wá gba orúkọ ọmọ náà lọ́jọ́ Ẹtì. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Wọ́n sọ fún mi pé káfíńtà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan àpótí ẹrù fún ọmọ rẹ̀, ó ń fi yẹ̀yẹ́ sọ fún àwọn oníbàárà pé, "Ẹ fún mi láyè, ọmọ mi ń rìnrìn àjò." Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé òun ló máa ṣe ipò kìíní. Èmi gan-an mọ̀.

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn, èmi fúnra mi ni mo gbé e kalẹ̀, àmì mẹ́wàá ni. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fetí sí i dáadáa. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò jọ ní ọsàn ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀gbọ́n mú méjìlá lára tirẹ̀, ó fún àbúrò. Tiwọn wá dọ́gba. Mélòó ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní tẹ́lẹ̀? Mo ti ń kọ́ ọmọ ní irú ìṣirò yìí fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Mo máa ń ní, "Ó fún un ní méjìlá, wọ́n dọ́gba, á jẹ́ pé méjìlá ló fi jù ú lọ." Bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n ní mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, àbúrò ní mẹ́rìnlélógójì. Ó pé ọgọ́rùn-ún, ẹnikẹ́ni kò sì bi mí léèrè rí.

Ọ̀sán ni mo máàkì, nínú yàrá àwọn tísà, pẹ̀lú ife tíì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi. Gbogbo kíláàsì kọ mẹ́rìndínlọ́gọ́ta àti mẹ́rìnlélógójì. Mò ń fi gbogbo ẹnu rẹ́rìn-ín, mo ní ẹ̀kọ́ mi wọlé. Mo wá dé orí ìwé Onípákó. Méjìlélọ́gọ́ta, méjìdínlógójì. Bíró mi ti fà á kí ojú mi tó kà á tán. Àwòrán rẹ̀ ló wá dá mi dúró. Ó ya pákó gígùn, ó ya kúkúrú sísàlẹ̀ rẹ̀. Ó gé méjìlá ní ìdí gígùn, ó gbé e lọ so mọ́ ìdí kúkúrú, wọ́n dọ́gba. Ó wá fi ìlà wẹ́wẹ́ hàn pé kí wọ́n tó gé e, ohun tí gígùn fi yọ jáde kì í ṣe méjìlá kan, méjìlá méjì ni: méjìlá tó lọ, àti méjìlá tí kúkúrú fi ga sókè. Mẹ́rìnlélógún. Ó yọ mẹ́rìnlélógún nínú ọgọ́rùn-ún, ó ku mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ó pín in sí méjì, ó di méjìdínlógójì. Mo ní irọ́ ni. Mo gbé tèmi wò. Bí ẹ̀gbọ́n bá ní mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, tó yọ méjìlá, ó ku mẹ́rìnlélógójì. Àbúrò tó ní mẹ́rìnlélógójì gba méjìlá, ó di mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Wọn ò dọ́gba! Tíì mi tutù níbẹ̀, mi ò mu ún.

Ẹ wò ó, àṣìṣe kọ́ ni mò ń jẹ́wọ́ rẹ̀. Ta ni kì í ṣàṣìṣe? Ká ní mo dìde lọ́sàn-án yẹn, kí n lọ sí kíláàsì, kí n ní, "Ẹ̀yin ọmọ, tísà yín ṣì í, ọmọ yìí ló gbà á," ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní òwe yẹn títí, kò fìgbà kan wọ etí tèmi. Ìwé náà ni mo gbé lọ bá ọ̀gá àgbà. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Ta ló mọ̀?" Mo ní, "Èmi àti ẹ̀yin ni, sà." Ó ní, "Ọmọ yẹn ńkọ́?" Mo ní, "Ọmọdé ni, sà." Ó ní, "Ó dáa. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Olùbẹ̀wò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ṣé o fẹ́ lọ sọ fún un pé gbogbo kíláàsì rẹ ló kùnà, pé ọmọ káfíńtà kan ló mọ̀ ju tísà lọ? Àga yìí ńkọ́?" Ó fọwọ́ gbá ọwọ́ àga rẹ̀. Ó ti kú báyìí, mi ò ní di ẹrù tèmi lé òkú lórí. Kò tì mí. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi ń bọ̀ láti yàrá àwọn tísà. Mo fi fífagi lé náà sílẹ̀ bó ṣe wà, àmì mẹ́wàá lọ, Onípákó já sí ipò kẹta, orúkọ ọmọ mìíràn ló sì wọ inú fọ́ọ̀mù.

Nígbà tí mo dá ìwé padà fún wọn, gbogbo wọn ń pariwo. Òun nìkan ló dìde. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi tún èyí wò. Bó bá jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni, tó bá fún un ní méjìlá, wọn ò dọ́gba, sà. Wọ́n kàn pààrọ̀ ara wọn ni." Kò gbóhùn sókè. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín láàárín kíláàsì, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe òun ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Orí mi gbóná. Mo já ìwé náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní, "Jókòó! Ẹnu rẹ ti gùn ju pákó rẹ lọ." Mi ò dá ìwé náà padà fún un mọ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, káfíńtà fúnra rẹ̀ dé. Ó bọ́ fìlà láti ẹnu géètì. Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó gbé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì dání tó ti fá, tí wọ́n ń dán. Nínú ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, ó dọ̀bálẹ̀ kí wa. Ó ní, "Tísà, ẹ má bínú o. Mi ò kàwé. Ọmọ yìí ni kò jẹ́ kí n gbádùn láti àná, ó ní òun gbà á. Mo ní kí ló dé tí tísà á fi fagi lé ohun tó tọ̀nà? Ẹ bá mi fi pákó yìí ṣàlàyé, kí ó lè yé èmi náà." Ó tò wọ́n sórí tábìlì. Ó ti gé ìdí gígùn, ó mú ẹyọ tó gé, ó gbé e sídìí kúkúrú. Wọ́n dọ́gba rẹ́gí, ẹyọ náà sì jẹ́ ìdajì ohun tí gígùn fi yọ tẹ́lẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún á rí i. Ọ̀gá àgbà kọjú sí fèrèsé bí ẹni pé ẹyẹ kan wà níta. Èmi ní, "Bàbá, ìṣirò kì í ṣe iṣẹ́ káfíńtà. Ọmọ yín ṣì í. Kò sì mọ síbẹ̀, ó tún tàbùkù mi lójú kíláàsì." Ọkùnrin náà gbójú sókè. Ó ní, "Tísà, ẹ wojú mi. Ṣé lóòótọ́ ni ọmọ mi ṣì í?"

Mo wojú rẹ̀. Mo ní, "Ó ṣì í."

Ó yí padà, ó fọ́ ọmọ náà létí. Ó gbé pákó méjèèjì, ó fi orúnkún ṣẹ́ wọn. Ó ní, "O mú mi wá síbí wá tẹ́! Kúnlẹ̀! Bẹ tísà rẹ!" Ọmọ náà kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà." Ìyẹn ìbá ti tó, àbí? Kò tó mi. Èmi ìkà, èmi àgbà òfìfo, mo ní, "Sọ pé o ṣì í." Ó wo pákó tó ṣẹ́ nílẹ̀, ó ní, "Mo ṣì í, sà." Mo wá ní kó dìde, mo fohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ bí ẹni tó láàánú. Bàbá rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́! Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kan pẹpẹ ìwé kan, ó gbé e wá sílé mi láti fi tù mí lójú. Kò sí ìgbà tí wọ́n ya fọ́tò mi tí pẹpẹ yẹn kì í sí lẹ́yìn mi. Ọmọ náà kò padà wá sí iléèwé lẹ́yìn tá a gba ìsinmi. Àpótí ẹrù tí bàbá rẹ̀ kàn, wọ́n sọ pé ó lò ó kó ìṣó àti òòlù sí.

Ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú dé. Ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀. Mo gba àga. Ọdún kejì tí mo jókòó lé e, àwọn ọmọ ṣì ń kùnà nínú ìṣirò onítàn, àwọn aláṣẹ lókè sì ń fi lẹ́tà dà mí láàmú. Lọ́jọ́ kan, mo bọ́ sídìí pátákó ìkọ̀wé, ọwọ́ mi sì ya pákó méjì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Ojú àwọn ọmọ là lójú mi. Mo pe orúkọ rẹ̀ ní àpótí, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ òórùn igi lára rẹ̀. Àwọn tísà ń ti ibòmíràn wá wò mí. Wọ́n ní kí n kọ ìwé, mo kọ ọ́, fọ́tò mi wà lójú rẹ̀. Mo wá nílò ìtàn tí màá fi ṣí i. Ẹ ṣí ojú ìwé kìíní, gbogbo yín ló ní in nílé. Mo kọ síbẹ̀ pé nígbà kan rí, ọmọbìnrin olórí kunkun kan wà, ọmọ káfíńtà, tí mo pè ní ọmọ onípákó, tó yarí pé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta àti mẹ́rìnlélógójì ni ìdáhùn. Mo ní èmi ni mo fi sùúrù ya àpótí méjì fún un, tí ojú rẹ̀ fi là. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Mo gbé àṣìṣe mi kọ́ ọmọ náà lọ́rùn, mo sì bọ́ ọgbọ́n rẹ̀ wọ̀. Èyí ni mo pè ní èyí tó burú jù. Ìbẹ̀rù ló mú mi purọ́ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí mò ń kọ ìwé, ẹ̀rù kankan kò bà mí. Mo jókòó, mo mu omi tútù, mo tún gbólóhùn náà ṣe lẹ́ẹ̀mẹta kó lè dùn. Àwọn ọmọ yín sì ti fi ṣe orin: bí ẹnì kan bá ṣì í ní kíláàsì, wọ́n á ní, "Má ṣe bí ọmọ onípákó!" Èwo lẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí lẹ́yìn yẹn? Ẹ gbẹ́nu dákẹ́!

Oṣù tó kọjá ni ìgbìmọ̀ yín gbé iṣẹ́ pátákó yìí fún káfíńtà. Mi ò bèèrè káfíńtà wo. Ọ̀sán Sátidé kan ló gbé e wá sílé mi kí n wò ó bóyá orúkọ mi pé. Obìnrin ni, ó ti lé ní ogójì ọdún, pẹ́ńsù wà lẹ́yìn etí rẹ̀, eruku pákó wà lára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo wà ní bálùwẹ̀. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé ní tábìlì, ìṣirò ti rú u lójú, ó ń kùn. Mo gbọ́ ohùn àlejò láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn: "Ya ọ̀kan. Gbé e lé èkejì. Èyí tó yọ ni kí o wò, èyí tó dọ́gba kò níjà." Ọmọ ọmọ mi ní, "Àǹtí, báwo lẹ ṣe mọ ọ̀nà bàbá àgbà mi?" Ó ní, "Bàbá mi ló kọ́ mi." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ṣe é dáadáa o, kí ẹ má ṣe bí ọmọ onípákó!" Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tó ń gbẹ́ pẹ́ńsù. Ó ní, "Mi ò ní ṣe bí i tirẹ̀, ọmọ mi. Ó yá, mélòó ló yọ?"

Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn bí olè, nínú ilé ara mi. Nígbà tí mo jáde, ó kí mi, ó gbé pátákó sókè, ó ní, "Ẹ bá mi wò ó, sà, ṣé àmì orí orúkọ yín pé?" Mo ní, "Ṣé ìwọ ni?" Ó ní, "Èmi ni, sà." Mo ní, "Ṣé o ti rí ìwé mi?" Ó ní, "Mo ní ọmọ níléèwé, sà. Ó bi mí pé ta ni ọmọ onípákó. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n." Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó dì mí mú ní apá, ọwọ́ rẹ̀ le bí igi. Ó ní, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, sà. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ sọ fún mi tí mi ò mọ̀. Mo mọ̀ láti ọjọ́ náà pé mo gbà á. Bàbá mi ni kò mọ̀." Ó wo pẹpẹ tó wà lára ògiri, ó fọwọ́ pa á. Ó ní, "Ọdún méje sẹ́yìn ló kú. Ó ku díẹ̀ kó lọ, ó pè mí, ó ní, 'Ọmọ mi, ìṣirò ọjọ́ yẹn, ṣé lóòótọ́ lo ṣì í?' Mo ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá, mo ṣì í.' Tí mo bá ní mi ò ṣì í, ìgbátí tó gbá mi máa dùn ún ju bó ṣe dùn mí lọ." Ó gbé pátákó rẹ̀, ó ní òun á wá kàn án lọ́jọ́ ayẹyẹ. Kò bú mi. Ì bá bú mi!

Ìwé ìdánwò náà nìyí. Ẹ̀yìn pẹpẹ bàbá rẹ̀ ni mo fi pamọ́ sí fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mi ò jó o, mi ò sì mọ ìdí rẹ̀. Ẹ wo àwọn pákó náà, ẹ wo ìlà pupa mi tó gé wọn lágbedeméjì. Bíró nìyí. Mò ń kọ ọ́ síbẹ̀ lójú yín: ó tọ̀nà, mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Ó pẹ́ jù, mo mọ̀, kò sí iléèwé tó máa gbà á wọlé lónìí. Ẹ ya ojú ìwé kìíní yẹn kúrò nínú ìwé mi kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ yín ẹni tí ọmọ onípákó jẹ́. Ẹ̀yin tísà kéékèèké, ẹ̀yin tí bíró pupa ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ yín, bí ọmọ bá ya ohun tí kò yé yín, ẹ dúró, ẹ wò ó, kí ẹ tó fagi lé e. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ ṣì í, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá fi di ọ̀la, ẹnu yín á wúwo jù fún yín láti là.

Ó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, ẹni tó mú sukudíráfà dání. Ẹ má wò ó bẹ́ẹ̀, ẹ fún un láyè. Ìyá oníṣẹ́ igi, mo bẹ̀ ọ́, tú pátákó yẹn kúrò lára ògiri, kí o fá orúkọ mi kúrò, kí o kọ orúkọ bàbá rẹ síbẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí, bí o bá sì ní o ò ní dárí jì mí, mi ò ní jà. Lẹ́yìn ibí, mo fẹ́ kí o mú mi lọ síbi tẹ́ ẹ sin ín sí. Mo mọ̀ pé òkú kì í gbọ́ràn, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó bi mí nínú ọ́fíìsì yẹn, ó ní kí n wojú òun kí n dáhùn. Káfíńtà, rárá. Ọmọ yín kò ṣì í.